Mọ́tò Nínú Agboolé

Àwọn ọmọ wa tí ń gba owó oṣù a máa béèrè pé, "Bàbá, ṣé kí n ra mọ́tò?" Ẹni tí ń gbé Ọjà'ba, Bẹẹrẹ tàbí Bẹyẹrunka, kí ó kọ́kọ́ wo ibi tí mọ́tò yóò sùn. Nǹkan bí ọdún 1829 ni a tẹ ìlú wa dó, kí mọ́tò tó dé ayé. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni ó wọ ọ̀pọ̀ agboolé títí di òní. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Lẹ́yìn èyí, mọ́tò a máa jẹun. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní 2023, lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480. Ẹni tí ó wọ Micra ní Bẹẹrẹ, owó ìjókòó rẹ̀ nìkan ni yóò san; táyà àti mẹkáníìkì di ti onímọ́tò.

Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá wà nílé tí a máa ń sáré gbé lóru, ọ̀rọ̀ yí padà. Kí onítọ̀hún bá awakọ̀ àdúgbò kan ṣe àdéhùn ṣáájú. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, kí ó ra mọ́tò. Bí ó bá jẹ́ nítorí iyì ni, tí owó ilé-ìwé ọmọ sì wà nínú owó náà, kí ó fi í sílẹ̀.