Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Gbé Kámẹ́rà, Ta Lẹ̀ Ń Yà Gan-an?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, bó tilẹ̀ korò. Àwọn tó ń ya fọ́tò níbi eré ìje lọ́gbà ilé-ẹ̀kọ́ wa kì í ya eré ìje. Alága ètò ni wọ́n ń yà. Ife ẹ̀yẹ ni wọ́n ń yà. Ọ̀gá tó ń bọ èèyàn lọ́wọ́ ni wọ́n ń yà. Ìgbà tí wọ́n bá wá rántí pé àwọn kan ń sáré, gbogbo wọn á rọ́ lọ sí ìlà ìparí, wọ́n á dúró gbagidi síbẹ̀ bí ẹni tó ń retí mọ́tò, wọ́n á ya ẹni tó gba ipò kìíní nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di abẹ́ ìbòòji.

Mo ní kò dáa. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ ò mọ eré tẹ́ ẹ̀ ń yà. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa ń tọ́jú bátìrì de àṣekágbá, àfi bíi pé ohun tó ṣáájú rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan kan. Lọ́jọ́ 24 oṣù Keje ọdún 2022, nílùú Eugene ní Amẹ́ríkà, Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, sá eré mítà 100 tí wọ́n ń fo igi ìdènà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12. Kò sí obìnrin tó tíì sá a kíá tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ló sì ti ṣe é o! Nígbà tí àṣekágbá dé, ó sá 12.06, ó gba wúrà, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, 2.0 sì ni òfin gbà. Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó borí 12.12 yẹn. Ẹni tó ń tọ́jú bátìrì ti pàdánù ìtàn. Ní Atlanta lọ́dún 1996 ńkọ́? Fífò àkọ́kọ́ ni Chioma Ajunwa fi fo mítà 7.12, òun náà ló sì fún Nàìjíríà ní wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ṣì ń wá gúgúrú rà nígbà yẹn, ó tán fún un.

Èkejì ló ká mi lára jù. Ẹni ipò kìíní nìkan kọ́ ló sáré. Ní Sydney, ọdún 2000, Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong sá eré mítà 400 tí ẹni mẹ́rin ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn. Nàìjíríà ṣe ipò kejì. Amẹ́ríkà ló ṣe ipò kìíní, Michael Johnson ló sì gbé ọ̀pá wọn dópin. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, ta lẹ máa yà? Johnson ni, mo mọ̀ yín. Ní 2008, Antonio Pettigrew, ọ̀kan nínú àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn, jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn tí òfin eré ìdárayá kà léèwọ̀. Wọ́n gba wúrà náà padà. Ọdún 2012 ni wọ́n tó wá fún Nàìjíríà. Àmọ́ Sunday Bada ti kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, kò fọwọ́ kan wúrà tó jẹ́ tiẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òótọ́ bá dé, fọ́tò ta ló máa bá nílẹ̀?

Mo ti ń gbọ́ àwáwí yín: “Kámẹ́rà ńlá ò sí, fóònù lásán ni.” Ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé ìyẹn náà ò sí? Tẹ́ ẹ bá ń fi fóònù fa àwòrán súnmọ́, ṣe ló ń bà á jẹ́. Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi súnmọ́ ọn. Kẹ́ ẹ ṣáà má wọ ojú ọ̀nà àwọn tó ń sáré, kẹ́ ẹ sì jìnnà síbi tí wọ́n ti ń ju ọ̀kọ̀. Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń gba ọ̀pá, níbi tí ẹnì kan ti ń na ọwọ́ sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ihò iyanrìn, ẹni tó ń fò á dà bí ẹni tó fẹ́ ga ju òrùlé lọ. Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: agboòrùn aláràbarà àti bọ́ọ̀sì kì í jẹ́ ká rí ẹni tó ń sáré.

Oòrùn náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá dojú kọ ọ́, ojú wa á dúdú bí ìdí ìkòkò, torí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ ni kámẹ́rà ń wò. Ẹ fi oòrùn sẹ́yìn, tàbí kẹ́ ẹ tẹ ojú ẹni náà lórí fóònù, kẹ́ ẹ fa ìmọ́lẹ̀ sókè. Ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí, fọ́tòkọ́pì ni. Fọ́tò tó bá ti ṣókùnkùn, tó bá débí, ó di èédú. Ẹni tó bá ní kámẹ́rà gidi, kó gbé ìyára rẹ̀ sí 1/1000, ẹsẹ̀ ò ní rí bí èéfín. Kẹ́ ẹ sì pa iná kámẹ́rà yín níbi ìbẹ̀rẹ̀. Láti 2010, ẹni tó bá gbéra kí ìbọn tó dún, wọ́n ti lé e jáde nìyẹn. Ṣé iná yín lẹ fẹ́ kó lé ọmọ ọlọ́mọ lọ ni?

Ẹlòmíì á ní ẹni tó borí nìkan ló ń ra fọ́tò. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ṣe ipò keje náà ní ìyá nílé.

Nítorí náà, níbi eré tó ń bọ̀, ẹ ya alága ètò lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ẹ tètè dé. Ẹ ya ẹni tó ń so bàtà, ẹ ya ẹni tó ṣubú, ẹ ya gbogbo wọn títí dórí ẹni ìkẹyìn. Kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí fọ́tò tí ò lórúkọ, tó bá fi máa di ọdún mẹ́wàá, àlejò ló máa jẹ́ lójú gbogbo wa.