Òwú Tó Ní Oògùn Lára

Ọ̀rọ̀ òwú ni mo gbé wá lónìí, òwú tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń rán ara ènìyàn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ibà mú àbúrò mi ọkùnrin ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. A pè é ní ibà lásán. A fún un ní àgbo, a sì ra oògùn ibà fún un nítòsí ilé. Nígbà tí ó wọ ọ̀sẹ̀ kejì, ikùn rẹ̀ le bí pákó, kò sì lè nà tàntàn mọ́. Òru la gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n. A gba Aràmọkọ kọjá, a sì dé ilé ìwòsàn ńlá kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti lu ìfun rẹ̀, àti pé iṣẹ́ abẹ nìkan ló kù.

Wọ́n kọ ohun tí a óò rà sínú ìwé fún mi: ìbọ̀wọ́, omi tí wọ́n ń fà sí ni lára, báńdéèjì, òwú. Ẹni tó ń ta oògùn gbé páálí òwú méjì síwájú mi. Ó ní òwú lásán ni ọ̀kan, pé èkejì ní oògùn apakòkòrò lára, kò sì ní jẹ́ kí ojú iṣẹ́ abẹ ṣọyún. Owó rẹ̀ ju ti òwú lásán lọ fíìfíì. Mo pe ìyá wa lórí fóònù.

Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀mí àbúrò rẹ la fẹ́ fi owó wọ̀n? Ra èyí tó dára."

Owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn wa ló wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi rà á.

Àbúrò mi yè, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹfà, ojú ibi tí wọ́n rán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. Oṣù méjì gbáko la fi ń wẹ egbò. Ìyá wa ní ayé ló ń bá wa jà. Èmi ní ayédèrú òwú ni wọ́n tà fún mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Àlejò ni òwú nínú ara. Bí kòkòrò àrùn bá rọ̀ mọ́ ọn, ó ṣòro fún ara láti lé e kúrò. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ti ń ronú tipẹ́ pé kí òwú fúnra rẹ̀ máa gbé oògùn wọlé. Ní 1869, Joseph Lister, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa bí ó ṣe rẹ okùn tí a fi ìfun ẹran ṣe sínú oògùn apakòkòrò kí ó tó fi di iṣan ẹ̀jẹ̀. Òwú tòde òní tí mo rà, oògùn tí ń jẹ́ triclosan ni wọ́n fi pa á lára. Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àwọn oníṣẹ́ abẹ máa lo irú òwú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó tà á fún mi kò purọ́. Ohun tí àwọn àgbà iṣẹ́ náà sọ ló tún sọ.

Àmọ́ ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: ṣé ó ń ṣiṣẹ́ ní irú ilé ìwòsàn tiwa? Ìwádìí tí wọ́n pè ní FALCON, tó jáde ní 2021, lọ wá ìdáhùn sí i. Orílẹ̀-èdè méje ni wọ́n ti ṣe é, Nàìjíríà, Benin àti Ghana sì wà lára wọn. Aláìsàn 5,788 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ikùn fún ní ilé ìwòsàn 54 ló kópa. Wọ́n fi òwú olóògùn rán àwọn kan, wọ́n sì fi òwú lásán rán àwọn yòókù. Lápapọ̀, bí ènìyàn 22 nínú 100 ni ojú iṣẹ́ abẹ wọn kó àrùn. Òwú olóògùn kò sì fi hàn pé òun sàn ju òwú lásán lọ.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí mo kà á, mo rántí owó ilé-ìwé yẹn.

Kí ló wá ṣiṣẹ́? Ní 2022, ìwádìí mìíràn tí ń jẹ́ ChEETAh jáde láti orílẹ̀-èdè méje kan náà. Aláìsàn 13,301 ní ilé ìwòsàn 81 ni wọ́n lò. Ohun tí wọ́n dán wò kò ṣòro: nígbà tí iṣẹ́ inú ikùn bá parí, kí wọ́n tó rán an, kí dókítà àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ti lò, kí wọ́n wọ tuntun, kí wọ́n sì mú irinṣẹ́ mìíràn tó mọ́. Níbi tí wọn kò ti ṣe bẹ́ẹ̀, bí 19 nínú 100 ló kó àrùn. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, ó dín sí 16. Ẹni mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lè dà bí ohun kékeré létí, àfi létí ìyá tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Mi ò sọ pé òwú olóògùn burú. Bí dókítà yín bá ní ìdí tó fi fẹ́ ẹ, ẹ gbọ́ tirẹ̀. N kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìbọ̀wọ́ tuntun ì bá ti gba àbúrò mi lọ́wọ́ ọyún, nítorí ìfun tó ti lu ti da ìdọ̀tí sínú ikùn kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí owó kò bá tó nǹkan, kí a mọ ibi tí a óò ná an sí. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé ohun tí ẹ óò rà, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́, dókítà, ṣé ẹ óò pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó rán ikùn? Mélòó ni kí n fi kún èyí tí ẹ kọ?" Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi.

Kí ọ̀nà okùn tó dí ni abẹ́rẹ́ ti ń lọ. Ibà tí kò lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ó tó di ti iṣẹ́ abẹ. Ọ̀sẹ̀ tí a fi pe ibà jẹ̀funjẹ̀fun ní ibà lásán ní Ẹ̀fọ̀n, kò sí òwú kan láyé tó lè rán an padà.