Iye Kíréètì Nìkan Ò Tó o



Tá a bá dé oko tá a bèèrè bí adìyẹ ṣe ń yé sí, "kíréètì mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún" ni wọ́n máa ń dá wa lóhùn. Ìyẹn dáa fún ẹni tó fẹ́ ra ẹyin. Fún ẹni tó ni adìyẹ, kò tó.

Google Sheets wà fún fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Lójoojúmọ́, ẹ kọ iye adìyẹ tó wà láàyè àti iye ẹyin síbẹ̀, yóò bá yín ṣírò rẹ̀, yóò sì fa ìlà tẹ́ ẹ máa fi rí i bóyá ẹyin ń lọ sókè ni àbí ó ń wálẹ̀. Adìyẹ 500 tó yé 450, 90% nìyẹn. Bí 20 bá kú tí ẹyin di 432, 90% náà ni: àwọn tó kù ń yé dáadáa, ohun tó ń pa wọ́n ni kẹ́ ẹ wá. Ṣùgbọ́n bí 500 bá ṣì pé, tí ẹyin kúrò ní 450, tó di 441, tó tún di 430, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ kọ́kọ́ yẹ omi wò, kẹ́ ẹ wo oúnjẹ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kẹ́ ẹ pe dókítà ẹranko. Àrùn Newcastle náà máa ń já ẹyin wálẹ̀.

Kí àwọn tó ń ta áàpù olówó gọbọi má bínú sí wa: lójú tiwa, ẹni tó ní adìyẹ 500 ò nílò rẹ̀. Ẹni tó ń kó ẹyin gan-an ni kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ nídìí ilé adìyẹ, kì í ṣe ọ̀gá tó ń fojú díwọ̀n lálẹ́. Ẹyin tó fọ́ ńkọ́? Ẹ kà á mọ́ ọn, adìyẹ ló yé e.