Ẹ má ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná nítorí gìrì

Àkókò òjò la wà yìí. Ẹ̀fọn ti pọ̀ láti Kétu títí dé Àjàṣẹ́, ibà sì ń dá àwọn ọmọ wa dùbúlẹ̀. Bí ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 bá gbóná gan-an, gìrì lè mú un: ara á le gbagidi, ojú á yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n.

Àwọn kan á ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná, àwọn mìíràn á rọ ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu. A kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: iná ń sọ ọmọ di aláàbọ̀ ara, ohun tí a sì rọ sẹ́nu ọmọ tí kò mọra lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó sì pa á.

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí gìrì náà tilẹ̀ ti lọ, nítorí ibà tó bá ti wọ ọpọlọ kì í dúró de ọ̀la.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ yín ni ilé máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ bá wa sọ ọ́ fún wọn.