Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ajá Gbó Lọ́dọ̀ Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Jos, nítorí olè, púpọ̀ nínú wa ló ń sin ajá. Ṣùgbọ́n ọmọ ajá ọ̀sẹ̀ 4 tó ṣì ń mu ọmú ni àwọn kan ń tà fún wa. Ẹ má gbà á.

Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ibi tó ti ń bá àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣeré ló ti ń mọ̀ pé eyín ń dunni. Tó bá ge èkejì jẹ jù, ìyẹn á ké, eré á sì dúró. Èyí tí kò bá kọ́ níbẹ̀, ara àwọn ọmọ wa ló máa fi kọ́ ọ.

Tó bá délé, ẹ má kàn so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ẹ jẹ́ kó tètè mojú ọmọdé, àlejò àti ariwo jẹnẹrétọ̀, díẹ̀díẹ̀, láìdẹ́rù bà á. Tó bá pé oṣù 3, ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un. Ṣebí Vom níbí náà ni wọ́n ti ń ṣe é.

Dìgbòlugi tó bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Ọmọ aládùúgbò tí ajá wa bá bù jẹ, kì í ṣe owó oògùn nìkan la máa san, àárín àwa àti onílé á dàrú. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ajá náà ńkọ́?