Òfin Wà Nílé, Lọ́yà Ò Sí: Ta Ni Yóò Gba Tálákà Sílẹ̀?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ Ìkẹjà, ẹ̀yin ará Agége, Ọ̀gbà àti Orégùn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú ní Ọba Akran, tó ń wá mọ́tò ní kùtùkùtù, ẹ̀rù méjì ló ń bà á: ẹ̀rù olè, àti ẹ̀rù ọkọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n á ní ó ń rìn kiri láìnídìí. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1989 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin pa ẹ̀sùn rírìn kiri rẹ́!

Òfin wà o. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní, bí ẹ̀sùn kì í bá ṣe ti ikú, tí kóòtù sì wà nítòsí, ọjọ́ kan péré ni kí wọ́n fi gbé ènìyàn débẹ̀. Kóòtù májísíréètì ń bẹ ní Ọ̀gbà. Ṣé Ọ̀gbà jìnnà ni? Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Èkó, tí wọ́n ṣe ní 2007, tí wọ́n tún tún ṣe ní 2011, ní bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n gbà á sí fídíò, tàbí kí lọ́yà rẹ̀ jókòó tì í. Ní 2023, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fi ẹjọ́ kan tó ti Èkó wá sọ ọ́ gbangba pé dandan ni.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò rán kóòtù létí? Lọ́yà ni. Ta ló lówó lọ́yà? Kì í ṣe ẹni tó ń gbowó iṣẹ́ òòjọ́. Àwọn baba wa ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kóòtù tí ọlọ́pàá nìkan ti ń rojọ́, kí la fẹ́ pè é? Bí adájọ́ bá tiẹ̀ fún un ní bélì, wọ́n á ní kí onídùúró mú ìwé owó-orí wá. Níbo ni ìyá alákàrà yóò ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ó di Kírikírì nìyẹn. Lónìí, nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí pọ̀ ju àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi lọ.

Àwọn tó ń ṣèjọba Èkó á ní, "Ti Àbújá ni ọlọ́pàá." Òótọ́ ni, a ò jiyàn. Wọ́n á ní àwọn dá ọ́fíìsì lọ́yà ọ̀fẹ́, OPD, sílẹ̀. A yìn wọ́n. Àmọ́ kóòtù májísíréètì ńkọ́? Ọ́fíìsì DPP tí fáìlì ń sùn sí ńkọ́? Owó táwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ti Èkó ni gbogbo wọn!

Ohun mẹ́ta là ń bèèrè. Kí lọ́yà ọ̀fẹ́ máa dé tésàn lọ́sàn-án àti lóru. Kí fáìlì má sùn ní DPP. Kí májísíréètì máa yẹ tésàn wò lóṣooṣù, bí òfin àpapọ̀ ti 2015 ti là á sílẹ̀.

Bí olùdíje bá gbé ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi í: "Bí wọ́n bá mú ọmọ mi lálẹ́ òní, ta ni yóò dúró fún un lọ́la?" Ẹni tí kò bá rí èsì sọ, ẹ má fìbò yín ta á lọ́rẹ.