Curt Flood Tọ́ sí Ilé Akọni

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá ṣe ohun tí ẹnìkan kò ṣe rí, ojú rẹ̀ yóò rí ohun tí ẹnìkan kò rí rí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Curt Flood, aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí ó gbá bẹ́ísìbọ́ọ̀lù fún St. Louis Cardinals. Ẹ̀ẹ̀méje ni ó gba ẹ̀bùn Gold Glove. Ní 1969, ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ sí Philadelphia láìbi í léèrè. Ó kọ̀, ó ní òun kì í ṣe ọjà títà. Ó pẹjọ́, ó pàdánù ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní 1972, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1975, àwọn mìíràn gba òmìnira tí ó torí rẹ̀ jìyà.

Àwọn kan ní gbígbá rẹ̀ kò tó ẹni tí à ń yàn sí Ilé Akọni ní Cooperstown. Èmi kò gbà. Ní 2019, wọ́n yan Marvin Miller, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Bí ẹni tí ó ṣètò ogun bá wọlé, kí ló dé tí ẹni tí ó gbọgbẹ́ ṣì wà níta? Flood kú ní 1997. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.